Òógùn Ọba Tí Kì Í Làágùn

"Ta ló kọ́kọ́ jọba lórí iyanrìn yìí?" Olùkọ́ béèrè, ó sì fi pàṣán ọwọ́ rẹ̀ na tábìlì.

"Ìdílé Ìràwọ̀!" gbogbo kíláàsì dáhùn.

"Ta ló lé wọn kúrò?"

"Ìdílé Ìjì!"

"Ta ló ń jọba lónìí, tí yóò sì máa jọba títí ayé?"

"Ìdílé Oòrùn!"

"Báwo la ṣe mọ̀ pé òrìṣà ni wọ́n?"

"Wọn kì í làágùn!"

Ohùn Tíńtín ló ròkè jù nínú ìdáhùn ìkẹyìn yẹn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú gbogbo kíláàsì, òun nìkan ló mọ̀ pé irọ́ ni.

Kì í ṣe Tíńtín ni wọ́n sọ ọ́. Màmá rẹ̀ ló ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé nígbà tó bí i, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìgò omi lọ. Ní báyìí ọmọbìnrin náà ti ga ju màmá rẹ̀ lọ, ó sì ti wà ní kíláàsì àṣekágbá, ṣùgbọ́n orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ìlú tí wọ́n ń gbé wà láàárín aṣálẹ̀. Kò sí ẹni tí kì í làágùn níbẹ̀. Olùkọ́ ń làágùn títí ẹ̀wù rẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, awakọ̀ ń làágùn, ọmọ ọwọ́ ń làágùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ọba nìkan ni ti ẹ̀ yàtọ̀. Bí ó bá ti di ọ̀sán gangan, á jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ààfin nínú aṣọ funfun, á dúró sínú oòrùn, àwọn ará ìlú á kúnlẹ̀ sórí iyanrìn gbígbóná, wọ́n á sì máa wo ojú rẹ̀ tó gbẹ táútáú. Ohun tí wọ́n fi kọ́ àwọn bàbá wọn ni pé ẹni tí ooru ò lè mú kì í ṣe ènìyàn lásán. Òun náà ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ, òun náà ni yóò sì jáde nínú ìdánwò àṣekágbá. Ẹni tó bá yege nìkan ló lè wọ iléèwé gíga inú ọgbà ààfin, ibẹ̀ sì ni ọmọ tálákà ti ń di ènìyàn.

Màmá Tíńtín ni alágbàfọ̀ ọba. Yàrá tó ti ń fọṣọ wà lẹ́yìn ààfin. Kò ní fèrèsé kankan, àfi ihò kékeré kan lókè tí èéfín èédú ń gbà jáde. Ọṣẹ, búlú àti sítáàṣì ni gbogbo rẹ̀ ń rùn. Ẹ̀ṣọ́ arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Kọ́kọ́rọ́, nítorí kọ́kọ́rọ́ rẹpẹtẹ tó so mọ́ ìdí bí ẹni ń tà wọ́n, ló máa ń gbé agbọ̀n aṣọ wá bí ọba bá ti wọlé. Aṣọ funfun tòkè kì í ní wàhálà. Abẹ́ rẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ọba máa ń wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ òwú kan tó nípọn bíi tìmùtìmù, tó ń fa òógùn mu kó má baà yọ síta, wọ́n á sì fi ìyẹ̀fun pa á lójú kó tó jáde. Bí àwọ̀tẹ́lẹ̀ yẹn bá dé ọwọ́ Màmá, á wúwo bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú kànga. Bí ó bá lọ gbẹ kí wọ́n tó rí i fọ̀, iyọ̀ á ya ìlà funfun sí i lára káàkiri. Láìpẹ́ yìí, ẹ̀jẹ̀ ti ń bá òógùn náà wá, ní ọ̀gangan àyà.

"Omi tútù ni kó o fi rẹ ẹ́," Màmá wí ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Tíńtín ń ràn án lọ́wọ́. "Bí omi gbígbóná bá kan ẹ̀jẹ̀, ó ti wọ aṣọ lára nìyẹn."

"Màmá, ọba ń ṣàìsàn, àbí?"

"Mo ní omi tútù."

"Àmọ́ ẹ̀yin náà rí i pé..."

Màmá gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú sílẹ̀, ó sì yíjú sí i. "Tíńtín, gbọ́. Ẹni tó bá gbé aṣọ rẹ̀ fún mi fọ̀, ara rẹ̀ ló gbé fún mi wò. Ì báà jẹ́ ọba, ì báà jẹ́ alágbe. N kì í sọ ohun tí mo rí lára ènìyàn. Kì í ṣe tìtorí ẹ̀rù o. Iṣẹ́ mi ni. Ohunkóhun tó o bá rí ní yàrá yìí, ibí ni kó o fi sílẹ̀ kó o tó jáde."

"Mo ti gbọ́, Màmá."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ohun tó ń dà á láàmú ò sí nínú yàrá náà. Iléèwé ló wà.

Ọmọ Olórí Kànga wà ní kíláàsì wọn. Bàbá ọmọbìnrin yìí ló ń pàṣẹ lórí gbogbo kànga ìlú. Bí ó bá ní kí wọ́n ṣí i, àdúgbò á mu omi. Bí ó bá ní kí wọ́n tì í, àdúgbò á jókòó ti korobá òfìfo. Àní, ààfin pàápàá ń dúró de omi tirẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kì í rìn lóun nìkan. Àwọn ọmọbìnrin kan máa ń yí i ká bí eṣinṣin tó rí oyin, àwọn ló sì sọ Tíńtín ní "Ọmọ Ọṣẹ". Bí Tíńtín bá kọjá, wọ́n á di imú mú, wọ́n á ní òórùn búlú ti dé. Tíńtín á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Bí ó bá délé, á fi kànìnkànìn ha ara títí awọ á fi fẹ́ bó, kí òórùn náà lè lọ.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ọmọ Olórí Kànga dúró dè é lẹ́nu géètì iléèwé, tó ní, "Ìwọ lo mọ ìtàn àwọn ìdílé ọba jù. Wá sílé wa ká jọ kàwé fún ìdánwò," ẹsẹ̀ Tíńtín ò kan ilẹ̀ mọ́ títí tó fi délé.

Yàrá tó bá ara rẹ̀ nínú ilé wọn tutù. Fáànù ń yí lókè, omi inú ife ní yìnyín, igi sì ṣíji bo adágún omi kékeré kan níta fèrèsé. Omi lásán, tí ẹnikẹ́ni ò mu, tí ẹnikẹ́ni ò fi fọ nǹkankan! Tíńtín ò rí irú rẹ̀ rí. Ó kọ́ wọn ní ìtàn Ìdílé Ìràwọ̀, ó kọ́ wọn ní ti Ìdílé Ìjì, wọ́n sì ń fetí sí i. Wọ́n tún pè é lọ́jọ́ kejì. Kò pẹ́ tó fi di ará ilé, tí ọmọ Olórí Kànga fi ń di apá rẹ̀ mú bí wọ́n bá ń jáde ní kíláàsì. Ẹnikẹ́ni ò pè é ní Ọmọ Ọṣẹ mọ́.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ṣé lóòótọ́ ni màmá ẹ ń fọwọ́ kan aṣọ ọba? Wọ́n ní òdòdó ló máa ń rùn."

"Màmá ẹ̀ kẹ̀?" òmíràn dá a lóhùn. "Kúbùsù àwọn ẹ̀ṣọ́ ló ń fọ̀."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ Olórí Kànga náà rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ló dun Tíńtín wọ egungun. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ẹnu rẹ̀ ti ṣí.

"Òdòdó wo? Òógùn ló ń rùn! Òógùn bíi ti bàbá gbogbo yín. Ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ tún wà nínú ẹ̀."

Ẹ̀rín dúró. Wọ́n wo ara wọn.

"Irọ́ ńlá!" ọmọ Olórí Kànga wí. "Bí kì í bá ṣe irọ́, mú un wá ká rí i."

"N ò lè mú un wá."

"Ẹ ò rí i? Ọmọ Ọṣẹ ti fẹ́ fi ọṣẹ dí wa lójú."

Gbólóhùn kan yẹn ni o. Bí ó bá dìde kúrò níbẹ̀ nígbà yẹn, tó sì padà sínú ooru bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ìtàn ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá tútù yẹn ti wọ̀ ọ́ lára. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí Màmá gòkè lọ sá aṣọ sórí òrùlé, Tíńtín ki ọwọ́ bọ inú agbọ̀n, ó fa àwọ̀tẹ́lẹ̀ kan tí wọn ò tíì fọ̀ jáde, ó ká a pọ̀, ó sì tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì ìwé rẹ̀.

Nígbà tó tú u sílẹ̀ níwájú àwọn ọmọbìnrin náà, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan fi ọwọ́ bo imú. Ọmọ Olórí Kànga ń wo àmì oòrùn tí wọ́n fi òwú wúrà rán sí ọrùn aṣọ náà, èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rán sí aṣọ tirẹ̀, lẹ́yìn náà ó wo ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó sáré jáde. Nígbà tó padà, bàbá rẹ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Olórí Kànga jẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ sókè. Ó fi ìka méjì mú aṣọ náà, ó gbé e súnmọ́ imú, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn tó ti ń retí.

"Ta ló mú un wá?"

"Èmi ni, sà," Tíńtín dáhùn.

"Ọmọ dáadáa. Fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, màmá mi á wá a."

"Ṣebí mo ní ọmọ dáadáa ni ọ́? Màá dá a padà kí màmá ẹ tó mọ̀. Ẹ bu omi fún un."

Wọ́n bu omi fún un, ó sì mu ún.

Aṣọ náà ò padà. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, òpó gígùn kan ló gbé e dúró lẹ́bàá kànga ńlá tí gbogbo ìlú ti ń pọnmi. Àwọn obìnrin tó wá pọnmi ló kọ́kọ́ rí i. Àwọn àgbàlagbà wó lulẹ̀, wọ́n ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òrìṣà. Ọmọdé kan ló wá ní, "Àwọ̀tẹ́lẹ̀ bàbá mi náà máa ń rí bẹ́ẹ̀." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ẹnì kejì rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín fi gba gbogbo ojú kànga, ó sì ń bọ̀ lọ́nà ààfin.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ló kọ́kọ́ dé yàrá aláìní-fèrèsé náà. Olórí wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá Kọ́kọ́rọ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀, kò lè gbójú sókè.

"Alágbàfọ̀, ta ló gbé aṣọ ọba jáde?"

Màmá ń lọ aṣọ lọ́wọ́. Ó wo agbọ̀n, ó wo báàgì ìwé tó so rọ̀ lára ìṣó, ó wá wo ọmọ rẹ̀. Tíńtín la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣoṣo: "Èmi." Ó kọ̀, kò jáde.

"Èmi ni," Màmá wí.

"Ìwọ kẹ̀? Ta lo gbé e fún?"

"N ò mọ orúkọ ẹni náà. Ìwà òmùgọ̀ ni, sà. Kò sí ẹlòmíràn nínú ẹ̀."

Wọ́n dè é lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ń tì í jáde lọ síbi ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó ẹlẹ́wọ̀n lọ síbi ìfọ́-òkúta, ó yíjú padà. Tíńtín rò pé yóò bú òun. Ó rò pé yóò sunkún.

"Áyọ́ọ̀nù wà lórí aṣọ," Màmá wí. "Gbé e kúrò, kó má jó o."

Ó gbé e kúrò. Títí ọkọ̀ fi lọ tán, áyọ́ọ̀nù ló gbé dání.

Ọba náà ò pẹ́ lórí oyè lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tó tún jáde sínú oòrùn, àwọn ará ìlú ò kúnlẹ̀ mọ́. "Bọ́ ẹ̀wù! Bọ́ ẹ̀wù!" ni wọ́n ń ké. Ó gbìyànjú láti sọ̀rọ̀, ikọ́ ló gbé e, ẹ̀jẹ̀ ta sára aṣọ funfun tí gbogbo ayé ń wò, àwọn ìránṣẹ́ sì gbé e wọlé bí àpò. Ẹnikẹ́ni ò rí i mọ́. Àwọn ọmọ ogun ì bá jà fún un, àmọ́ Olórí Kànga ti ti kànga àgọ́ wọn pa. Nígbà tí òùngbẹ gbẹ wọ́n tó, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣí géètì ààfin fún un. Kò pẹ́ tí rédíò fi kéde pé Ìdílé Omi ti gorí ìtẹ́, àti pé ọba tuntun kì í ṣe ènìyàn bí irọ́ àná. Òrìṣà tòótọ́ ni. Òùngbẹ kì í gbẹ ẹ́.

Nínú kíláàsì, Olùkọ́ nu pátákó mọ́ kó tó sọ̀rọ̀. "Gbogbo ibi tí ẹ bá ti kọ 'Oòrùn' sí, ẹ pa á rẹ́. Ẹ kọ 'Omi' síbẹ̀."

Ọmọkùnrin kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́," Olùkọ́ wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ní ọmọ nílé."

Ìrètí ṣì wà lọ́kàn Tíńtín. Ó rò ó pé ẹni tí aṣọ yẹn sọ di ọba ò ní jẹ́ kí ìyà máa jẹ ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ mú. Ó lọ sí ààfin, wọ́n sì jẹ́ kó wọlé. Ọba tuntun jókòó sórí ìtẹ́, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ àlà tó bò ó dé orí. Lórí tábìlì tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, àmì omi róbótó wà níbi tí wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ife kúrò.

Tíńtín fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, màmá mi ṣì wà níbi ìfọ́-òkúta. Kò ṣe nǹkankan. Ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé èmi ni mo gbé aṣọ náà wá."

"Mo mọ̀," ọba wí jẹ́jẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n tú u sílẹ̀."

"Èmi mọ̀ pé ìwọ ni. Ṣùgbọ́n òun ni ìlú mọ̀. Alágbàfọ̀ tó tú àṣírí ọba kan, bí mo bá dá a sílẹ̀, kí ni àwọn tó ń fọ aṣọ tèmi máa rò?"

"Kò tú àṣírí kankan, sà! Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí!"

"Ohun tó fi jẹ́ ènìyàn dáadáa nìyẹn. Ó dùn mí." Ó mi orí, ó sì dà bí ẹni pé ó dùn ún lóòótọ́. "Iṣẹ́ rẹ̀ ṣófo. Ó ti kọ́ ọ ní aṣọ fífọ̀, àbí? Ìwọ ni kó o máa ṣe é. Bó o bá ń ṣe é dáadáa, mo lè jẹ́ kí ọkọ̀ omi gbé ọ lọ wò ó nígbà míì."

Tíńtín yíjú sí ọmọbìnrin tó wà nínú aṣọ àlà. "Ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n," ó wí. Ó gbọ́ "ẹ" náà lẹ́nu ara rẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ kan fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "Ọmọ òrìṣà kì í ní ọ̀rẹ́!"

Ọmọbìnrin náà ń wo èékánná ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ ṣe gbọ̀n díẹ̀ báyìí, Tíńtín ò mọ̀ bóyá àánú ni tàbí ìnira.

Tíńtín gba iṣẹ́ náà. Kí ni yóò ṣe? Bàbá Kọ́kọ́rọ́ kan náà ló ń gbé agbọ̀n wá fún un ní yàrá kan náà. Ọba tuntun sanra ju ti àtijọ́ lọ. Òógùn rẹ̀ pọ̀ ju ti ọba àná lọ.

Ó pẹ́ kó tó rí ọkọ̀ omi wọ̀ lọ síbi ìfọ́-òkúta. Ó rí Màmá lábẹ́ òjìji òkúta kan, ó ti gbẹ, eruku ti sọ irun rẹ̀ di funfun. Ọwọ́ tó máa ń rọ̀ fún ọṣẹ ti ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Tíńtín kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ náà mú.

"Màmá, èmi ni mo mú aṣọ náà. Èmi ni."

"Mo mọ̀ láti ọjọ́ náà."

"Ẹ ò ṣe sọ fún wọn?"

Màmá wò ó bí ẹni tí ìbéèrè náà ò yé. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọ̀rẹ́ tó o torí ẹ̀ ṣe é ńkọ́?"

"Ó wà láàfin. Kì í wò mí mọ́."

"Ṣé o ṣe ìdánwò náà?"

"Mo ṣe é. Mo yege. Àmọ́ wọn ò jẹ́ kí n wọ iléèwé náà. Wọ́n ní ọmọ ọ̀dàlẹ̀ ni mí."

Ikọ́ eruku mú Màmá, Tíńtín sì fọwọ́ pa á lẹ́yìn títí ó fi rọlẹ̀.

"Ta ló ń fọ aṣọ ọba báyìí?"

"Èmi ni, Màmá."

Màmá di ojú. Omi kan ò jáde níbẹ̀, bóyá kò sí omi lára rẹ̀ mọ́. "Ọjọ́ tí mo kọ́ ọ ní áyọ́ọ̀nù," ó wí, "ohun tí mo ń sọ lọ́kàn ni pé ọmọ mi ò ní fi ṣiṣẹ́ jẹun. Ó máa kàwé."

Awakọ̀ ti ń fọn fèrè ọkọ̀. Tíńtín gbéra. Nígbà tó tún rí ọkọ̀ omi wọ̀ wá, obìnrin mìíràn ló ń fọ́ òkúta lábẹ́ òjìji yẹn. Kò sì sí ẹni tó lè fi ojú sàréè hàn án.

Tíńtín ti di àgbà obìnrin báyìí, ó sì ṣì ń fọ aṣọ ní yàrá ẹ̀yìn ààfin náà. Bí àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rẹ́, ó máa ń sọ fún wọn láìfi bò pé ẹni tó bá ní kí o fi ohun tí kì í ṣe tìrẹ ra ìfẹ́ òun, kò ní ìfẹ́ kankan láti tà fún ọ. Ó tún máa ń sọ pé àṣìṣe méjì lòun ṣe: òun sọ̀rọ̀ níbi tó yẹ kí òun dákẹ́, òun sì dákẹ́ níbi tó yẹ kí òun sọ̀rọ̀, èkejì ló sì burú jù. Ìdílé ọba ń lọ, ìdílé ọba ń bọ̀, gbogbo wọn ló ń pe ara wọn ní òrìṣà, kò sì sí èyí tó lè dá ìyá kan padà. Nígbà tó bá sì ro ohun tí òun gbà ní pàṣípààrọ̀ màmá òun, kò rí nǹkan mìíràn kà ju ọ̀sán díẹ̀ nínú yàrá tútù, àti ife omi kan.